Ta Ni Àgbà Nínú Ọkọ̀?

Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pa á fún ìjà lọ́kọláya, fún ọ̀rọ̀ ìdìbò, fún ohun gbogbo àfi òkun fúnra rẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́ tó kọjá, mo bá òwe náà pàdé lórí omi níbi tí a ti mú un wá, èmi ni mo sì jẹ̀bi.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ mọ̀ pé àwọn ìdílé kan ní Èkó a máa háyà ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ ìsinmi, wọn a kó ọmọ àti oúnjẹ sínú rẹ̀, wọn a sì jáde lọ sójú òkun láti ju ìwọ̀. Èmi kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ ẹja ju èyí tó dì gbagidi lọ́jà, ó dára kí ó mọ bí kúta ti í fa okùn mọ́ni lọ́wọ́. Àwa mẹ́sàn-án ni a lọ: èmi àti ìyàwó mi, ìyá mi tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ wa méjì pẹ̀lú aya àti ọkọ wọn, àti ọmọ-ọmọ méjì. Ọmọ Ìlàjẹ ni atukọ̀ wa, kò lè ju ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ.

Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ kò ní mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Àárín ògiri òkúta méjì ni omi ọ̀sà Èkó ń gbà bọ́ sínú òkun. Ìjọba amúnisìn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri wọ̀nyí ní 1908, kí àwọn ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà wọlé. Láti ìgbà náà ni iyanrìn ti ń kún ní apá ìwọ̀-oòrùn, tí òkun sì ti jẹ etí Victoria Island ní apá ìlà-oòrùn. Nígbà tí omi bá ń wọlé, ọ̀nà náà a máa rọ̀. Ṣùgbọ́n bí omi ọ̀sà bá yí padà tí ó ń fà jáde, tí ó wá kọlu ìgbì tó ń ti ojú òkun bọ̀, ìgbì náà a ga, a sì dìde dúró ṣánṣán. Kí a tó gbéra ni atukọ̀ ti sọ pé kí agogo kan tó lù, a gbọ́dọ̀ ti wọlé.

Ní agogo méjìlá ààbọ̀, ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ ìdẹ ni. Àgbà nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi ti fa kúta kan tó gùn tó apá rẹ̀ jáde, ariwo ayọ̀ sì gba inú ọkọ̀ kan.

"Ẹ má bínú, bàbá," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, "ẹ jẹ́ kí a máa kó okùn wa. Omi ti fẹ́ yí."

Mo dá a lóhùn pé èmi ni mo sanwó ọkọ̀, àti pé a bí mi ṣáájú bàbá rẹ̀. Kò fèsì. Ìyá mi nìkan ni ó sọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, má bá ẹni tó gbé ọ sórí omi jà." Mo rẹ́rìn-ín. A tún lo ogójì ìṣẹ́jú.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà náà, ìgbì ti dìde. Atukọ̀ ní kí gbogbo wa jókòó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ó dẹ ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń ka ìgbì. Ó jẹ́ kí mẹ́ta kọjá kí ó tó tẹ̀lé èyí tó kéré. Kò sáré rárá. Síbẹ̀, ọ̀kan gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi wọlé dé ọrùn ẹsẹ̀ wa, agbọ̀n ẹja bọ́ sínú òkun, ọmọ-ọmọ mi kékeré sì yọ̀ lọ sí etí ọkọ̀. Èmi fúnra mi ni mo ti gbà kí a bọ́ ẹ̀wù ìléfòó lọ́rùn rẹ̀ nítorí ooru. Etí aṣọ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ rí gbá mú.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo bi atukọ̀ léèrè ìdí tí kò fi kọ̀ fún mi. Ó ní wọ́n kọ́ òun nílé pé ọmọ tí a tọ́ kì í jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdáhùn náà kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀kọ́ tí èmi náà fi tọ́ àwọn ọmọ mi ni ó fẹ́ rì wá. Ǹjẹ́ àṣà wa ni ó jẹ̀bi bí? Rárá o, ìdajì àṣà ni mo mú wọ ọkọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni Yorùbá fi ń mọ àgbà. Láàárín àwọn babaláwo, ẹni tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n, ì báà jẹ́ pé irun funfun kún orí ẹni tó tẹ̀lé e. Nínú ilé olórogún, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé. Ìyàwó tuntun kì í sì í pe ọmọdé tó bá nílé ọkọ ní orúkọ. Ó ń bọ̀wọ̀ fún un nítorí pé ọmọ náà ti wà níbẹ̀ kí òun tó dé. Ta wá ni ó ti wà lórí omi kí èmi tó dé? Ọmọ Ìlàjẹ tí a bí sí etí òkun ni àbí èmi tí mo ti òkè wá?

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, LASWA, sílẹ̀ ní 2008, dandan sì ni kí èrò ọkọ̀ wọ ẹ̀wù ìléfòó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba lójú agbami nígbà tí bàbá àgbà bá ní kí a bọ́ ọ. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ àwọn bàbá ilé, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣèbẹ̀wò: kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀, ẹ pe atukọ̀ síwájú gbogbo èrò, kí ẹ sì sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ wọn pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àṣẹ títí ẹ ó fi padà. Ẹ fi ẹnu àgbà yín tú u sílẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

A ti ń múra àtilọ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà ọyẹ́ tó ń bọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn náà ni a ti bẹ̀. Bí ó bá ní òkun kò gbà lọ́jọ́ náà, yóò gbé wa gba inú ọ̀sà lọ sí Tarkwa Bay, a ó jókòó sí etí omi, a ó sì jẹ dòdò wa. Ìyá mi ti ní òun yóò bá wa lọ.