Ẹ̀rí Tí Ọmọ Kéwú Lè Jẹ́ Nípa Òjò



Láti ọdún 1995 ni ètò GLOBE, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti ń mú kí àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn òjò, ooru àti omi odò àdúgbò wọn, kí wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ TAHMO náà ń gbé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ sí ọgbà àwọn ilé-ìwé nílẹ̀ Áfíríkà. Èrò mi ni pé irú iṣẹ́ yìí yẹ ọmọ ilé-kéwú ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, nítorí pé ó ń kọ́ni ní òtítọ́.

Kò le. Ẹ gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba sí gbangba, kó jìnnà sí òrùlé àti igi. Ní aago kan náà lójoojúmọ́, ẹ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì dà á nù. Òjò mìlímítà 10 péré, lórí òrùlé tó gùn ní mítà 10 tó sì fẹ̀ ní mítà 10, ti di lítà omi 1,000. Ẹ wá ro gbogbo òrùlé tí omi wọn ń ṣàn lọ sínú Odò Àlà ní Àkúrẹ́. Òjò sì lè rọ̀ ní Ọ̀bà-Ilé kí Òkè-Àró gbẹ, nítorí náà ojú kan kò tó.

Ibi tí ẹ̀sìn ti wọ̀ ọ́ nìyí. Bí òjò kò bá rọ̀, ẹ kọ òdo. Bí ẹ kò bá wò ó lọ́jọ́ kan, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Òdo ń sọ pé, “Mo wò ó, kò sí nǹkan.” Òfìfo ń sọ pé, “Mi ò mọ̀.” Ẹni tó bá fi òdo dí òfìfo ti jẹ́rìí èké. Sùúrà Al-Isrā’, ẹsẹ 36, kìlọ̀ fún wa nípa títẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí èyí bá ti mọ́ lára, á ṣòro fún un láti jí ìwé wò nínú ìdánwò.

Òbí kan lè ní yóò gba àkókò kéwú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má na ọmọ tó fi àyè sílẹ̀. Bí a bá nà án, àwa la kọ́ ọ ní irọ́.

Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní ẹlẹ́rìí òdodo. Āmīn.