Ẹran Oníwúrà àti Ẹni Tí Ó Fi Í Ṣẹ̀fẹ̀

Àwọn àgbà wa ní ọba kì í pọ̀kọrin. Kò dà bí ẹni pé gbogbo aláṣẹ ayé ló gbọ́ òwe náà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, To Lam, mínísítà ààbò ìlú ní Vietnam nígbà náà, wọ ilé ẹran sísun olówó gọbọi ti Nusret Gökçe, ará Tọ́kì, ní Lọ́ńdọ̀nù. Gökçe fúnra rẹ̀ fi ẹran màlúù tí a fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn-àjò yìí kan náà gbé mínísítà dé ibojì Karl Marx, alágbàwí òṣìṣẹ́! Wúrà kò ládùn, kò sì ṣe ara lóore. Bí ó ti wọlé ni yóò jáde. Kí wá ni a ń rà bí kì í bá ṣe àṣehàn?

Lẹ́yìn èyí, Bui Tuan Lam, tí ń ta núdù ẹlẹ́ran màlúù ní Da Nang, fara wé Gökçe. Ó ń wọ́n àlùbọ́sà eléwé sínú abọ́. Aráyé rẹ́rìn-ín. Ní 2022, wọ́n mú un. Ní 2023, ilé ẹjọ́ sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5 àti oṣù 6, wọ́n ní ó ń polongo lòdì sí ìjọba. Ní 2024, mínísítà di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń ṣèjọba.

Àwọn kan yóò ní ohun tó wuni là ń jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ìlú kì í jẹun kí ìlú má bi í léèrè. Ní Kétu, ọlọ́rin ẹ̀fẹ̀ a máa fi alágbára ṣe yẹ̀yẹ́ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a padà sílé rẹ̀ ní àlàáfíà. Ẹni tí ó bá lẹ́nu láti jẹ wúrà, ó yẹ kí ó létí láti gbọ́ ẹ̀fẹ̀.