Táyà Wo Ni Ó Yẹ fún Ilẹ̀ Wa?

Bí ìwé ìròyìn yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní Àjàṣẹ́, ojú ọ̀dà ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ó bá sì jẹ́ ní abúlé kan ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí ni ẹ ti ń kà á, ẹ mọ̀ pé ó la ẹrẹ̀ kọjá kí ó tó dé. Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ náà ni a fẹ́ sọ ní oṣù yìí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ohun tí ń gbé ọkọ̀ la inú rẹ̀ kọjá, èyíinì ni táyà, tí àwọn Faransé ń pè ní pneu.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ti bi wá léèrè pé: bí ènìyàn bá ní ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí 4x4, ṣé táyà gbogbo-ilẹ̀ ni ó yẹ kí ó rà ni, àbí táyà ẹrẹ̀? A kò tètè dáhùn, nítorí pé àwa fúnra wa kò tíì san owó ẹ̀kọ́ náà tán. Nísinsìnyí a ti san án. Àwọn àgbà sì wí pé ẹni iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ọjọ́ tí a pẹ́ dé

Owó ìdáwó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni a fi ra ọkọ̀ tí a ń lò. Òun ni ó ń kó ìwé wa kiri, òun náà ni ó ń gbé wa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tí ìtàn ń bẹ lẹ́nu wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún kan, ìròyìn kàn wá pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà wọ̀nyí, ní abúlé kan láàrin Pobè sí Kétu, ti fi ayé sílẹ̀. Ẹnu ìyá yìí ni a ti gba púpọ̀ nínú oríkì tí ẹ ti kà nínú ìwé yìí. Ó ti bá wa dá májẹ̀mú pé, ní ọjọ́ tí òun bá lọ, kí a wá ka oríkì orílẹ̀ òun sókè létí ibojì, kí àwọn ọmọ-ọmọ òun lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun kò bá òun wọlẹ̀.

A gbéra ní òwúrọ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Táyà tí ń bẹ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ wa nígbà náà jẹ́ ti ojú ọ̀dà, eyín rẹ̀ sì ti jẹ tán. Nígbà tí a kúrò lójú ọ̀dà tí a wọ ilẹ̀ dúdú, a kò rìn tó kìlómítà méjì kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan. A gbẹ́ ẹrẹ̀, a gé ewé tẹ́ ẹ, a tì í, a fà á. Ìrọ̀lẹ́ ni a fi ẹsẹ̀ rìn wọ abúlé náà, wọ́n sì ti dí ibojì. Àkọ́bí ìyá náà wo aṣọ wa tí ẹrẹ̀ ti bò, ó ní: “Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ má bínú sí wa o, a kò lè ní kí òkú ìyá máa dúró de ọkọ̀.” Ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára wa títí di òní.

Nígbà tí a padà délé, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ fi ìbínú sọ̀rọ̀. Wọ́n ní táyà ẹrẹ̀ gan-an ni kí a rà, èyí tí eyín rẹ̀ dà bí òkúta orí ebè. Inú àwa náà bàjẹ́, a kò sì béèrè nǹkan kan. A rà á. Lóòótọ́, a la ilẹ̀ dúdú kọjá lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún náà láìdúró. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú wìnì-wìnì, tí a ń ti Pobè bọ̀ sí Sakété lójú ọ̀dà, ẹlẹ́mìjàn kan tí ó gbé ọmọ iléèwé sẹ́yìn ṣàdédé dúró níwájú wa. A tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ kò dúró. Ó ń yọ̀ lọ bí ẹni pé a da ọṣẹ sójú ọ̀nà. Nígbà tí ó dúró tán, kò ju apá kan lọ tí ó kù kí a kan ọmọ náà. Ọmọ náà kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Àwa tí a wà nínú ọkọ̀ nìkan ni a mọ ohun tí Ọlọ́run yọ ọmọ náà nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti jókòó tí a fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọ́ nípa táyà. Ohun tí a rí nìyí.

Ilẹ̀ mẹ́ta, ìwà mẹ́ta

Kí ènìyàn tó mọ táyà, ó yẹ kí ó mọ ilẹ̀ tí yóò tẹ̀. Ilẹ̀ Kétu àti ti Sakété pupa. Òun ni àwọn Faransé ń pè ní terre de barre. Bí òjò bá rọ̀ sí i, ojú rẹ̀ a máa yọ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ le. Bí oòrùn bá sì ràn fún ìgbà díẹ̀, ó ti gbẹ.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà, yangí àti òkúta ni ó pọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ a máa le, a máa ní ìgbì wẹ́wẹ́ tí ń gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì, òkúta mímú a sì máa gé ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹrẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá ibẹ̀.

Ilẹ̀ kẹta ni ilẹ̀ dúdú. Ó jẹ́ àfonífojì tí ó gba gúúsù Benin kọjá láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, la Lama ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé, inú rẹ̀ sì ni àwọn Ọ̀họ̀rí tẹ̀dó sí. Amọ̀ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń gbẹ, ó sì máa ń sán débi pé ọwọ́ ènìyàn lè wọ inú ihò rẹ̀. Nígbà òjò, ó máa ń mu omi, ó máa ń wú, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí ó bá tẹ̀ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú ẹrẹ̀ yìí. Ní 1914 sí 1915, nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba amúnisìn Faransé, ẹrẹ̀ náà wà lára ohun tí ó jẹ́ odi fún wọn. Ó ṣòro fún ọmọ ogun láti wọ ibẹ̀ nígbà òjò. Odi tí ó dáàbò bo àwọn baba ni ó ń dí àwọn ọmọ lọ́nà lónìí.

Ohun tí eyín táyà ń ṣe

Táyà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ fún ọkọ̀ 4x4, àmì wọn sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: H/T ni ti ojú ọ̀dà, A/T ni ti gbogbo ilẹ̀, M/T ni ti ẹrẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ń ta táyà fi àmì M+S tàn yín. Ẹrẹ̀ àti òjò dídì ni ìtumọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà lára ọ̀pọ̀ táyà ojú ọ̀dà pẹ̀lú. Kò sọ táyà di táyà ẹrẹ̀.

Eyín táyà ẹrẹ̀ tóbi, àlàfo àárín wọn sì fẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti ń yí, amọ̀ tí ó wọ inú àlàfo náà máa ń fò jáde, eyín náà yóò sì tún rí ilẹ̀ tuntun bù jẹ. Ti táyà gbogbo-ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àlàfo tirẹ̀ kéré; bí ó bá wọ ilẹ̀ dúdú tí ó tutù, amọ̀ yóò dí gbogbo rẹ̀, yóò sì di ohun tí ń dán bí orí apárí. Níbẹ̀ ni táyà ẹrẹ̀ ti borí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi borí nínú ẹrẹ̀ náà ni ó fi kùnà lójú ọ̀dà. Nítorí pé àlàfo rẹ̀ fẹ̀, rọ́bà tí ń kan ọ̀dà kéré. Bí ọ̀dà bá tutù, ọkọ̀ yóò sáré jìnnà kí ó tó dúró lẹ́yìn tí a bá tẹ bíréèkì. Ohun tí ó fẹ́ pa ọmọ iléèwé yẹn nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ó máa ń hó lójú ọ̀nà, ó máa ń mu epo ju èkejì lọ, ó sì máa ń tètè jẹ. Nínú iyanrìn, eyín rẹ̀ a máa gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ kòtò. Táyà gbogbo-ilẹ̀ tí a dín atẹ́gùn rẹ̀ kù ni ó ń léfòó níbẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí a sọ òtítọ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́: bí ẹrẹ̀ bá jìn débi pé abẹ́ ọkọ̀ ti jókòó lé e, kò sí táyà kankan tí yóò yọ ọ́. Ẹsẹ̀ tí kò kan ilẹ̀ líle kò lè gbé ara.

Bí a ṣe ń ka ara táyà

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà ara táyà, fún àpẹẹrẹ 265/65 R17 112S. 265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ náà. 17 ni ìwọ̀n irin tí ó wọ̀ ní íǹṣì. 112 sọ pé táyà kan lè ru 1120 kílò. S sọ pé kò gbọdọ̀ ju 180 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ọ̀pọ̀ táyà ẹrẹ̀ ni ó jẹ́ Q, tí òpin tirẹ̀ jẹ́ 160. Bí ẹ bá rí LT níwájú nọ́ńbà, ti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni, ó sì sábà máa ń le ju èyí tí kò ní in lọ. Ẹni tí ń rìn lórí òkúta Ṣábẹ̀ẹ́ yóò fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ tún wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ń bẹ ní ìparí àmì DOT. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Èyí ṣe pàtàkì fún wa tí a ń ra tókunbọ̀. Táyà lè ní eyín gíga kí ó sì ti gbó. Bí ẹ bá rí i tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á.

Ẹ má ṣe da oríṣi méjì pọ̀ sórí ọkọ̀ kan. Ìwọ̀n àti irú kan náà ni kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́, kí ẹ̀karùn-ún tí ẹ fi pamọ́ sì bá wọn mu. Bí ìwọ̀n wọn kò bá dọ́gba, nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń fà pọ̀, àwọn irin inú ọkọ̀ ni yóò máa jà títí wọn yóò fi bàjẹ́.

Atẹ́gùn

Ìmọ̀ tí kò náni ní owó púpọ̀ ni ti atẹ́gùn. Bí atẹ́gùn táyà yín bá jẹ́ 2,4 bar lójú ọ̀dà, ẹ lè dín in kù sí nǹkan bí 1,5 nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọ ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn. Táyà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, ibi tí ó kan ilẹ̀ yóò sì gùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rìn pẹ̀lẹ́, ẹ má ṣe yí ọwọ́ ọkọ̀ lójijì, kí táyà má baà yọ kúrò lára irin. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn padà sí i kí ẹ tó tún sáré lójú ọ̀dà, nítorí táyà tí kò ní atẹ́gùn tó a máa gbóná, a sì máa bẹ́. Ohun tí a fi ń wọn atẹ́gùn àti ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ ẹ kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀ yín.

Ìpinnu wa

Fún oṣù mẹ́ta, a kọ gbogbo ìrìn àjò wa sílẹ̀. A rí i pé nínú ìrìn mẹ́wàá, méje jẹ́ ti ojú ọ̀dà, méjì jẹ́ ti ilẹ̀ pupa tàbí yangí, ẹyọ kan péré ni ti ilẹ̀ dúdú. Nítorí náà, táyà gbogbo-ilẹ̀, irú LT, ni a rà. A kò lè máa fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wéwu lọ́jọ́ méje nítorí ẹrẹ̀ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tàbí nọ́ọ̀sì tí ilé rẹ̀ wà láàrin ilẹ̀ dúdú, tí ó sì gbọ́dọ̀ jáde lójoojúmọ́ nígbà òjò, táyà ẹrẹ̀ ni tirẹ̀. Kí ó kàn máa rántí láti rìn jẹ́jẹ́ nígbà tí ó bá dé ojú ọ̀dà tútù. Kí ẹ̀yin náà ka ọjọ́ yín kí ẹ tó ka owó yín.

Fún ìrìn ẹyọ kan tí ó kù, a ní ṣọ́bìrì, okùn líle àti pákó méjì lẹ́yìn ọkọ̀. Bí a bá bá barrière de pluie ní títì, a kì í bẹ ẹni tí ń ṣọ́ ọ mọ́ pé kí ó ṣí i. A mọ̀ pé ọkọ̀ tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí ilẹ̀ tutù ni yóò gbẹ́ kòtò tí ará abúlé yóò máa kó sí títí di ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì jẹ́ èyí tí kò ṣeé fi falẹ̀, a máa ń gbéra ní ọjọ́ kan ṣáájú, a ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tí ọ̀dà parí sí, a ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù.

Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹfà ọjọ́sí, à bá dé etí ibojì ìyá wa. Ní àyájọ́ ikú rẹ̀, a lọ, ilẹ̀ gbẹ, a sì ka oríkì náà fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọjọ́ tí a ṣèlérí kọ́ ni.

Títí a ó fi tún pàdé ní oṣù tí ń bọ̀, kí a má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.