Kámẹ́rà Tí Ẹgbẹ́ Wa Fẹ́ Rà

  Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ ní ìpàdé oṣù tó kọjá la mú wá lónìí, ìyẹn ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí ẹgbẹ́ fẹ́ rà. Owó ti wà nílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní èyí tó jáde lọ́dún yìí ni kí a rà, kí ojú má baà tì wá láàárín ẹgbẹ́ yòókù. Àwọn ìyá wa kan ní kí a fi owó náà kan páànù òrùlé gbọ̀ngàn, wọ́n ní ṣebí fóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, kí la tún fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe.

Àwa kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Èrò tiwa ni pé kámẹ́rà tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí í ṣe tókùnbọ̀, tó ń ya fọ́tò tó sì ń ká fídíò sílẹ̀, ni kí ẹgbẹ́ rà, kí a sì ná èyí tó bá kù lórí ohun tí yóò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ketekete. Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí a lọ bá bàbá kan, ọmọ Ọ̀ffà, nínú ilé rẹ̀. Bàbá náà ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ní 1911 ni ojú irin wọ Kánò, bàbá tó bí i sì wà lára àwọn tó bá ọkọ̀ ojú irin dé ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́ kan nínú wa tó ń fi fọ́tò jẹun ló gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá, Canon 60D. Ó gbé e ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó tẹ bọ́tìnì, ó ní ó ti ń ká, ló bá bọ́ síta lọ dá ẹnìkan lóhùn lórí fóònù. Àwa jókòó, a ń gbọ́ Bàbá. Ó tó wákàtí kan tó fi sọ̀rọ̀. Ó sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ta obì. Ó sọ orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ dá owó jọ ra ilẹ̀ tí gbọ̀ngàn wa wà lórí rẹ̀ títí dòní, ó sọ ẹni tó tà á fún wọn, ó dárúkọ àwọn ẹlẹ́rìí níkọ̀ọ̀kan. A ń mi orí, inú wa ń dùn pé ó ti wọlé.

Nígbà tí a délé tí a ṣí i wò, ìṣẹ́jú méjìlá péré ló wà níbẹ̀. Obì la bá, a kò bá ilẹ̀. Nínú ìṣẹ́jú méjìlá ọ̀hún gan-an, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bo ohùn Bàbá débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní gbọ́ ju ìlàjì lọ. A ní a ó padà lọ. Àwọn ìnáwó kan dí wa lọ́wọ́, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Kí a tó gbéra, Bàbá ti papòdà. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé àwọn kan ti ń bi wá ní ìwé ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà léèrè láti ọdún tó kọjá.

Kámẹ́rà yẹn kò bàjẹ́ o. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ní 2010 ni 60D jáde, fáìlì fídíò kan kò sì gbọdọ̀ ju gígábáìtì 4 lọ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi àwòrán tó mọ́ jù lọ ká a, bí ìṣẹ́jú méjìlá ni yóò fi kún, kámẹ́rà yóò sì dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ láìpariwo. Ẹni tó bá dúró tì í á tún bọ́tìnì tẹ̀, kò ní pàdánù ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àwa kò dúró tì í, àwa kò sì bèèrè. Ẹ̀bi wa ni.

Láti ìgbà náà la ti ń wádìí irú kámẹ́rà wọ̀nyí bí ẹni ń wádìí ìyàwó. Ẹ̀rọ fọ́tò ni wọ́n, fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú wọn ni. Nikon D90, tó jáde ní oṣù kẹjọ 2008, ni àkọ́kọ́ nínú irú wọn tó ká fídíò. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni òdiwọ̀n tirẹ̀ bí ẹ bá lo àwòrán tó dára jù, kò sí ihò tí ẹ lè ki máìkì bọ̀, bí ẹni tí ẹ ń yà bá sì sún sẹ́yìn, ọwọ́ ni ẹ ó fi yí lẹ́ńsì kí ojú rẹ̀ tó mọ́. Ẹnìkan ti fẹ́ ta irú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ ní ọ̀pọ́. Ó dára fún fọ́tò títí dòní, a kò purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé lọ síwájú àgbàlagbà tó fẹ́ sọ ìtàn ìdílé mẹ́rin.

Èyí tí a yá lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó sì tẹ́ wa lọ́rùn ni Canon 70D, tó jáde ní 2013. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé wọ́n pín tótó kọ̀ọ̀kan lára ojú inú rẹ̀ sí méjì, tó fi ń mọ bí ènìyàn ṣe jìnnà tó gẹ́gẹ́ bí ojú wa méjì ṣe ń mọ̀ ọ́n. A gbé e lọ bá ìyá kan tí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ìyá ń rọ ẹ̀kọ, ó ń dìde, ó ń bá oníbàárà sọ Hausa, ó ń padà sórí ìtàn rẹ̀, kámẹ́rà sì ń tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́ láìṣú. Bí fáìlì kan bá kún, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣí òmíràn, títí di ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú àáyá 59. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nítorí owó ibodè tí wọ́n máa ń gbà nígbà náà ní Yúróòpù lórí ẹ̀rọ fídíò tó bá ká tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà fi dá a dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè lókè òkun wá di ohun tí à ń ṣọ́ aago sí ní Kánò.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Kò sí ihò tí ẹ lè ki earpiece bọ̀ láti gbọ́ ohun tó ń wọlé bó ti ń wọlé. 80D tó jáde ní 2016 ní i, bí owó wa bá sì ká a, ẹ jẹ́ kí a ra ìyẹn. Bí kò bá ká a, kí a ká ìṣẹ́jú kan dánwò, kí a tẹ̀ ẹ́ gbọ́, kí a tó sọ pé kí Bàbá tàbí Màmá bẹ̀rẹ̀. Ooru oṣù kẹrin wa kì í sì í ṣe eré. Bí àmì ooru bá yọ lójú kámẹ́rà, ẹ pa á kí ó sinmi, nítorí bó bá pupa, yóò dákẹ́ fúnra rẹ̀ láìpẹ́. Ní ti eruku ọyẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá tú lẹ́ńsì níta gbangba ní oṣù kìíní, a ó bu owó ìtanràn fún un. Eruku tó bá lẹ̀ mọ́ ojú inú yóò di tótó dúdú lórí gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó tí ẹ bá yà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sọ pé ayé ti kúrò níbẹ̀, òótọ́ lẹ sọ. 90D tó jáde ní 2019 ni ìkẹyìn nínú ìran yẹn, a kò sì rí àrọ́pò rẹ̀. Àwọn tí kò ní dígí inú ni wọ́n ń ṣe báyìí. Ìdí tí tókùnbọ̀ rẹ̀ fi wà nílẹ̀ nìyẹn, tí lẹ́ńsì rẹ̀ sì pọ̀. Bátìrì kan náà, LP-E6, ni 60D, 70D àti 80D ń lò, mẹ́ta nínú yín sì ní in nínú àpò. Ọjọ́ tí iná bá lọ, ẹ ó yá wa. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ lé wa lọ rà á, kí a bèèrè iye fọ́tò tó ti yà. Ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000, ni wọ́n ṣe 60D àti 70D fún. Èyí tó ti jẹ òde ìgbéyàwó dé góńgó, kí a fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, fóònù dára, a kò jiyàn. Fóònù àwọn ọmọ yín mìíràn ń ya àwòrán tó mọ́ ju ti 70D lọ. Ṣùgbọ́n fóònù ta ni? Ìpè á wọlé nígbà tí Bàbá bá dé ibi ọ̀rọ̀ gan-an. Wọ́n á jí i ní ọjà, ìtàn ilẹ̀ wa á bá a lọ. Bó bá sì di ti WhatsApp tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn, àwòrán á ti fúnra pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta. Kámẹ́rà ẹgbẹ́, ti ẹgbẹ́ ni.

Nítorí náà, ohun tí a ó gbé síwájú ìpàdé ni pé kí a ra 70D kan pẹ̀lú lẹ́ńsì kan ṣoṣo tó ń sún mọ́ni tó sì ń jìnnà, máìkì àgbékọ́ ọrùn aṣọ, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kì í gbọ̀n, bátìrì méjì, àti háàdì dísìkì méjì. Máìkì ni ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ kúrò. Háàdì dísìkì kan yóò wà lọ́wọ́ akọ̀wé níbí, èkejì yóò lọ sílé. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní ìlú yìí kò ní bi wá ní ìdí tí kò fi yẹ kí méjèèjì wà ní àdúgbò kan náà. A kò sì ní fi kámẹ́rà náà háyà fún òde kankan, ì báà jẹ́ òde alága.

Àbúrò Bàbá wa tó lọ, obìnrin, ṣì wà láyé. Ó ní òun wà lọ́mọdé nígbà tí wọ́n san owó ilẹ̀ náà, òun sì rántí méjì nínú àwọn ẹlẹ́rìí. Sátidé tó ń bọ̀ ló ní kí a wá, ní aago méje àárọ̀, kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀. A ti yá kámẹ́rà kan. Ẹni tí yóò dúró tì í ni a ń wá.