Ewé Ń Jẹ́, Òṣùwọ̀n Ló Kù

Àwọn àgbà a máa sọ pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ní ọjà Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ewé kò wọ́n. Ohun tó kù kan lónìí ni òṣùwọ̀n.

Kòkòrò bakitéríà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Òmíràn ń ṣe ara lóore. Òmíràn ń mú ọgbẹ́ kẹ̀, ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ó ń ba eyín jẹ́. Oògùn antibiotique ni ilé ìwòsàn fi ń pa á. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ra hóró mẹ́ta lẹ́bàá títì, tí kò sì lò ó pé, kòkòrò tí kò lágbára nìkan ni yóò kú. Èyí tó le yóò yè, yóò sì bí sí i. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, irú kòkòrò olóríkunkun bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn tó lé ní 1,200,000 ní gbogbo ayé.

Ìdí nìyí tí ojú fi padà sára ewé. Nínú òróró efínrín ni thymol wà, ohun kan tí ń pa kòkòrò, tí wọ́n sì ń fi sínú omi ìfọnu kan tí ilé oògùn ń tà. Ní 1971, àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà tẹ ìwádìí jáde lórí bí oje igi orín ṣe ń bá kòkòrò jà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dán ewé wò? Wọ́n á tan kòkòrò sórí oúnjẹ rẹ̀ nínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á sì gbé bébà róbótó tí wọ́n rẹ sínú oje ewé lé e. Bí oje náà bá jẹ́, títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, kòkòrò kò ní hù yí bébà náà ká. Síbẹ̀, àwo yàtọ̀ sí ikùn ènìyàn. Omi Javel náà ń pa kòkòrò nínú àwo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ kó mu ún. Ohun tí ewé ń tú sínú omi gbígbóná yàtọ̀ sí ohun tó ń tú sínú sódábì. Agbára ewé ìgbà òjò lè yàtọ̀ sí ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀kúnwọ́ ìyá kan sì ju ti èkejì lọ.

Nítorí náà, kò tọ́ kí oníṣègùn ìbílẹ̀ àti onímọ̀ ilé ìwádìí máa fura sí ara wọn. Ó yẹ kí ìjọba pè wọ́n jọ, kí àdéhùn àkọsílẹ̀ sì dáàbò bo ẹni tó mọ ewé, kí ẹlòmíràn má bàa jẹ èrè ìmọ̀ rẹ̀ gbé. Kí wọ́n jọ wá ìdáhùn: ewé mélòó, omi mélòó, ọjọ́ mélòó, ta ni kò gbọdọ̀ mu ún? Kí wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè Yorùbá tí gbogbo ìyá lè kà.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ojú rẹ̀ ti jìn, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n tètè gbé e lọ. Kí ìyá rẹ̀ má sì fi àgbo tí ọmọ ti mu pamọ́ fún dókítà, nítorí oògùn méjì lè bá ara wọn jà nínú ara kan.