Ẹ Sọ̀kalẹ̀ Nínú Ọkọ̀

Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá jọ wa ọkọ̀ la ìgbèríko àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, wọn a rí òkè tí koríko bò, agbo àgùntàn, àti ògiri òkúta tí a tò láìlo amọ̀ tàbí sìmẹ́ńtì. Ọ̀pọ̀ a ya fọ́tò láti ojú fèrèsé, wọn a sì kọjá lọ. Lójú tèmi, ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kò tíì pé.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni a gbà láyè lórí òkè wọ̀nyí látijọ́. Àwọn olówó fi òkè Kinder Scout, nítòsí Manchester, ṣe ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn pa ẹyẹ. Mẹ̀kúnnù kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́, jọ fi ẹsẹ̀ gun òkè náà. A ju márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. Ìyà wọn kò já sásán: ní 1949, òfin jáde láti dáàbò bo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbádùn gbogbo ènìyàn. Ní 1951, agbègbè Kinder Scout wà nínú èyí tí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá bá ọ̀rẹ́ dé ibẹ̀, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó rìn. Bí ó bá bá ilẹ̀kùn pápá ní títì, kí ó tì í padà. Ọ̀nà tí ẹlòmíràn fi ẹ̀wọ̀n rà, ojú fèrèsé kọ́ ni a ti ń wò ó.