Ohun Tí Ìdíje Scrabble Kọ́ Wa Nípa Èdè Wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé eré àwọn tí kò níṣẹ́ ni Scrabble. Àwa tí a ti jókòó nídìí tábìlì náà nígbà ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ pọ̀, ó sì kan iṣẹ́ tí a yàn láàyò gbọ̀ngbọ̀n. Èrò wa ni pé ó yẹ kí á fúnra wa ṣe Scrabble ní èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n kí á má kàn ṣe àdàkọ ti Faransé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ìdíje náà ṣe ń lọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní duplicate ni a máa ń ṣe jù. Hippolyte Wouters, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló gbé e kalẹ̀ ní 1972. Lẹ́tà méje kan náà ni gbogbo olùdíje máa ń gbà. Láàárín ìṣẹ́jú 3, olúkúlùkù á wá ọ̀rọ̀ tó lè gba máàkì jù, á kọ ọ́ sórí pépà, á sì fà á lé adájọ́ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí máàkì rẹ̀ ga jù lọ ni gbogbo wa á tò sórí pátákó, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa lẹ́tà mìíràn yọ.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kò sáyè àwáwí. Ẹni tó ń ta lúdò lè sọ pé ọmọ ayò tó bọ́ sóun lọ́wọ́ ni kò dára. Níbi tí lẹ́tà gbogbo wa ti jẹ́ ọ̀kan náà, ìmọ̀ nìkan ló ń ya ẹni sọ́tọ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ọ̀rọ̀ kékeré kì í ṣe ohun àfojúdi. Nínú Scrabble Faransé, máàkì 10 ni K, W, X, Y àti Z ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan péré ló sì wà nínú wọn láàárín ọmọ 102. Ẹni tó mọ KA, WU àti XI lè fi lẹ́tà méjì borí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ gígùn kiri. Níbí yìí, iṣẹ́ wa a máa ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀: ẹni tó ti ka ìwé nípa àwọn èdè Ṣáínà mọ̀ pé wu ni wọ́n ń pe ẹ̀yà èdè tí wọ́n ń sọ ní agbègbè Shanghai.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló jinlẹ̀ jù. Ní oṣù keje 2015, ní Louvain-la-Neuve ní Bẹ́ljíọ̀mù, Nigel Richards tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ New Zealand gba ipò kìíní lágbàáyé nínú Scrabble Faransé, irú èyí tí ẹni méjì ń bára wọn ta. Ọmọ ilẹ̀ Gabon ló bá dé ìparí. Richards kò gbọ́ Faransé. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9 péré ló fi há àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé sórí. Ní 2024 ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní èdè Sípéènì, ní Granada. Àwa tí wọ́n ti ń kọ́ ní Faransé láti kékeré, tí a sì ń fi í yangàn, ẹ jẹ́ ká ro èyí dáadáa. Scrabble kò bi ẹnikẹ́ni ní ìtumọ̀. Àwòrán ọ̀rọ̀ ló ń bèèrè, kò bèèrè ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni pé ìwé tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí ló ń parí ìjà. L'Officiel du Scrabble ni ìwé náà. Àtẹ̀jáde rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1990, ìkẹsàn-án sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2024. Bí ọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀, ó wà. Bí kò bá sí, kí olówó rẹ̀ gbé e padà sílé. Ibi tí èdè wa ti ń jẹ́ wa níyà gan-an nìyí. Ẹni tó lè kọ chrysanthème láìwojú ẹnikẹ́ni lè máa tún orúkọ ìlú ìyá rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mẹta bí a bá ní kó fi àmì ohùn sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí a ó bá pàdé bí a bá fẹ́ ṣe tiwa. Lákọ̀ọ́kọ́, a kò lè fi ọmọ Scrabble Faransé ta ti Yorùbá. K kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, a kò sì ní lè to "kíkọ" àyàfi bí a bá ní joker. E mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà níbẹ̀, kò sí ẹ tàbí ọ. C, Q, V, X àti Z á kàn jókòó lásán. Láti mọ iye ọmọ tó yẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Alfred Butts, ará Amẹ́ríkà tó dá eré yìí sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, jókòó ka lẹ́tà inú ìwé ìròyìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa náà lè ka ti inú àwọn ojú ìwé Yorùbá wa. Nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra, fáwẹ́lì ni yóò pọ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àkọtọ́. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Benin, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975, ní ká kọ ɛ, ɔ, sh àti kp. Ní Nàìjíríà, ẹ, ọ, ṣ àti p ni wọ́n ń kọ, èyí náà ni ẹ sì ń kà lójú ìwé yìí. Bí a bá yan ọ̀kan, a ó lé àwọn kan sẹ́yìn. Àbá wa ni pé kí á tẹ méjèèjì sórí ọmọ kan ṣoṣo, ẹ lókè, ɛ nísàlẹ̀, nítorí ìró kan náà ni. Kí gb náà jẹ́ ọmọ kan. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè: nínú Scrabble Sípéènì tí wọ́n ti ń ta tipẹ́, CH, LL àti RR ní ọmọ tiwọn.

Ohùn wá ńkọ́? Nínú Scrabble Faransé, pêche àti péché kò ní ìyàtọ̀ lórí pátákó. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ àmì kúrò lórí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ohun mẹ́rin ló dàrú pọ̀. Bí a bá sì ní kí fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ mẹ́ta nítorí ohùn, àpò á kún, eré á bàjẹ́. Èyí tí a fara mọ́ ni pé kí àmì má wà lórí ọmọ, ṣùgbọ́n kí ẹni tó to ọ̀rọ̀ pe ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ohùn rẹ̀, kó sì fi í ṣe gbólóhùn, kí á tó fún un ní máàkì. Ẹni tó ti ìwé há a sórí láìgbọ́ Yorùbá kò ní rí ọ̀nà gbà níbẹ̀.

Òfin yìí ló tún máa ràn wá lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Bí ọmọ Kétu bá to ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, tí ó pè é, tí ó sì lò ó, kí á gbà á. Kí á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ àti ọmọ Àjàṣẹ́. Kí akọ̀wé ìdíje kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn, ìtumọ̀ àti orúkọ ìlú. Kò ní pẹ́ tí a ó fi ní àkójọ ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ tó ń wá iṣẹ́ mémoire fún akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ sí. Ìbéèrè á kù o: ṣé ọ̀rọ̀ kan ni "nílé" àbí méjì? Ẹ jẹ́ ká jà á níbẹ̀. Ìjà tó dára ni.

Àwọn kan á sọ pé eré òyìnbó ni, pé ayò ló yẹ wá. Ayò dára, a kò ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ayò kò ní kí ọmọ ilé ìwé kọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sílẹ̀.

Páálí, síṣọ́ọ̀sì àti yíǹkì ni ó ná wa. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa ka lẹ́tà, kó mú ojú ìwé Yorùbá márùn-ún wá, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí.